Ọmọrí Ìkòkò Mi Tó Wà Lára Okùn Ọkọ̀

Bàbá Rejoice,

Ẹ kú iṣẹ́ àná o. Ẹ lu ihò sáàárín ọmọrí ìkòkò mi méjèèjì, ẹ fi okùn tí a fi so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé gba inú wọn, kí èkúté má baà rí okùn náà gùn wọ yàrá inú ọkọ̀. Ẹ tún fi páànù dí gbogbo ihò ara yàrá ọ̀hún. Gbogbo ìlú Molutehin ló gbọ́ ìró òòlù yín.

Láàárọ̀ yìí mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà, kí n mú pupurú ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ gbé lọ sí Ayétòrò. Ìyá èkúté kan dìde láàárín àwọ̀n tuntun yín, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mi ò kan ilẹ̀kùn. Ó ti bímọ síbẹ̀! Ó sá bọ́ sórí okùn, ó dé ibi ọmọrí, kò rí ọ̀nà lọ, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi padà wọlé. Ẹ ò lé èkúté o, ẹ tì í mọ́lé ni. Mo pariwo. Ìyá yín ń rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí.

Ọbẹ̀ yín wà lórí ààrò. Kò ní ọmọrí, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Mo ti kó àwọ̀n yín kúrò níbẹ̀ kí ìyá ọlọ́mọ yẹn tó jẹ ẹ́ tán, mo sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Orí ibùsùn wa ló wà, ó sì ti gba gbogbo rẹ̀. Èmi yóò sùn lọ́dọ̀ Tinúkẹ́ àbúrò mi lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin, ẹ mú ẹní, ẹ lọ sùn nínú ọkọ̀. Ẹ rọra ṣílẹ̀kùn o, àwọn ọmọ ń sùn.

Ìyá Rejoice