Èsì Tó Pẹ́ Lọ́nà

Bàbá mi, ẹ̀yin tí àárò yín ń sọ mí,

Bí mo bá kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́ta sí ọ́fíìsì wa ní Jisonayili, wọ́n ní kí n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Inú wọn la kó àwọn kọ̀ǹténà sí. Kì í ṣe kọ̀ǹténà onírin bí èyí tí ẹ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù o. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tá a dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Èmi ni mo máa la ọ̀nà tí wọ́n á fi máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jà. Kọ̀ǹténà inú ẹ̀rọ kìíní á béèrè nǹkan lọ́wọ́ ti ẹ̀rọ kẹta, kò ní gbọ́ èsì kankan. Mo ti ń bú ẹ̀rọ kẹta pé adití ni. Ẹ ṣáà mọ ẹnu mi. Lọ́sàn-án àná ni mo wá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo rí i pé gbogbo ìbéèrè ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ́, ó sì ń dáhùn. Èmi ni mo la ọ̀nà àlọ, tí mo gbàgbé ọ̀nà àbọ̀. Ìlà kan péré ni mo kọ kún un, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Èmi bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wa ní Kalpohin, rédíò lórí itan yín: “Ṣé o ti dé?” Èmi á fi Hausa dáhùn pé mo ti dé, “Na dawo, Baba,” n ó sì kọjá. Yorùbá yé mi dáadáa, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń yé mi? Àbí ẹ rò pé mi ò ka èdè yín sí?

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mo wọlé lọ́jọ́ kan, Hausa lẹ fi bi mí bóyá mo ti dé. Ẹ fẹ́ mú un rọrùn fún mi ni. Ó dùn mí gan-an. Kí ló dé tí mi ò sọ fún yín?

Àbúrò yín obìnrin tó wà ní Kanvili ló ń kọ́ mi ní Yorùbá láti ìgbà tí ẹ ti lọ, òun ni yóò bá mi tún lẹ́tà yìí ṣe. Orí bẹ́ǹṣì yín ni mo jókòó sí. Ó wù mí kí ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ yín. Bí ẹ bá ṣì ń béèrè níbẹ̀, èsì rèé: mo ti dé, Bàbá. Mo ti délé.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín.