Síkíríìnì fún Táǹkì Bàbá

Ilé Alájà Kejì,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Ẹrẹ́nà.

Afẹ̀sọ̀ṣe, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń dààmú ìyá yín, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? O kú ìtọ́jú wọn o. Èmi náà wà, ara le, ẹnu sì mú bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ilé ìkẹ́rùsí wa, mo ṣì ń lé àwọn awakọ̀ kiri pé ẹrù kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní ẹ̀rọ tí yóò máa sọ bí ilé àwọn òròmọdìẹ rẹ ṣe gbóná tó ti parí, síkíríìnì tí wàá fi sí i lo kò tíì mú. Láti ìgbà òjò tó kọjá! Àwọn òròmọdìẹ yẹn ti ń yé ẹyin báyìí. Mo mọ̀ pé wàá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kì í bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé kì í parí náà ni? Ó yẹ kí n bú ọ dáadáa, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí ti Bàbá mi.

O mọ̀ pé Bàbá ń dá gbé, o sì mọ táǹkì omi tó wà lórí òrùlé ilé ìdáná wọn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gun àkàbà lọ wo inú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa tan pọ́ǹpù, orúnkún wọn á sì máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá fi àáké kọ́rí: bí òun bá tún gbọ́ pé Bàbá gun àkàbà, òun á wá kó ẹrù wọn lọ sí ilé òun. Bàbá ní àfi kó gbé òun tòun ti ògiri. Ilé tí àwọn àti ìyá mi jọ kọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Bí a bá kó wọn kúrò níbẹ̀, kí ló kù tí a fi sílẹ̀ fún wọn?

Mo ní kí n so ẹ̀rọ mọ́ pọ́ǹpù kó máa tan ara rẹ̀. Wọ́n ní, "Nínú ilé tèmi? Kí nǹkan máa tàn láìjẹ́ pé èmi ni mo tàn án? Rárá o." Ó dáa. Mo ra bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣe bí ọpọlọ fún ẹ̀rọ, irú tìrẹ, mo fi ohun tó ń wọn omi sínú táǹkì, mo fi iná jó wáyà mọ́ ọn. Ó wá ku síkíríìnì tí Bàbá á máa wò lára ògiri ilé ìdáná.

Èmi kì í ṣe bíi tìrẹ. Kíá ni mo ra èyí tó kéré bí èékánná, tó ń tàn yanran. Bàbá ní ṣé kòkòrò ni. Mo gbé aláwọ̀ mèremère wá; oòrùn ojú fèrèsé bò ó mọ́lẹ̀, ojú ara wa nìkan la rí níbẹ̀. Mo wá ra èyí tó dà bíi bébà. Ìyẹn dùn ún wò! Oòrùn kò lè mú un, kì í jẹ iná, ohun tó bá sì kọ, ibẹ̀ ló máa wà títí bọ́ọ̀dù á fi ní kó kọ òmíràn. "OMI KÚN" ló kọ gàdàgbà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo wá ń yan fanda.

Kò pẹ́ tí bátìrì fi kú. Bọ́ọ̀dù bá a kú, ṣùgbọ́n "OMI KÚN" tó kọ kẹ́yìn dúró digbí lára ògiri. Bàbá gbà á gbọ́. Wọ́n wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, omi bá dá. Ọ̀rẹ́ mi, àkàbà yẹn náà ni wọ́n tún gùn, tàwọn ti táwẹ́ẹ̀lì, tàwọn ti ọṣẹ lójú! Akunlé tó ń gbé ní ọ̀kánkán wọn ló rí wọn tó sáré wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ọlọ́run yọ wá.

Mo rò pé wọ́n máa pariwo lé mi lórí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní, "Ṣe-é-kíá, ta lo ra nǹkan yìí fún?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ṣé o bi mí?"

Èmi tí mo lọ kọ́ ìmọ̀ òwò, tó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún wa ni pé kí a bi oníbàárà kí a tó gbé ọjà síwájú rẹ̀!

"Ó dáa, kí lẹ fẹ́?"

"Kó tóbi, kí n lè rí i láti orí àga mi. Kó má kọ lẹ́tà sí mi, nọ́ńbà tó mi. Bí ẹ̀rọ bá sì ti kú, kóun náà kú. Mi ò fẹ́ òkú tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà ò lè mú un mọ́ra.

Nọ́ńbà pupa ńlá bíi ti aago ara ògiri ló wà níbẹ̀ báyìí: ọgọ́rùn-ún bí táǹkì bá kún, òdo bí omi bá tán. Kò lẹ́wà rárá. Bó bá ṣókùnkùn, Bàbá mọ̀ pé kò sí ìròyìn, wọ́n á pè mí, mo máa pààrọ̀ bátìrì, ó parí. Irú rẹ̀ ni kí o rà. Bí iná bá lọ, tí síkíríìnì ṣì ń sọ fún ọ pé ara tu àwọn adìẹ rẹ, òkú wọn lo máa bá. Rà á kí lẹ́tà yìí tó gbó lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ojú rẹ̀ ti le, ó ti gbé ọkọ̀ tó lè kó ẹrù wá. Ó wo ògiri, ó yí ẹ̀yìn ilé ìdáná ká. "Bàbá, àkàbà dà?"

Bàbá ò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú tíì wọn. "Mo ti fún akunlé. Òun ló ń fi jẹun."

Ọkọ̀ náà padà lófìfo.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá yín, kí o sì fa etí àwọn ọmọ fún mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé ogún ló wà lára ògiri báyìí: àwọn ń dìde lọ tan pọ́ǹpù àwọn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní sùúrù,

Ṣe-é-kíá