Ta Ló Wọ Aṣọ 212?

Ajé, 3 oṣù Èrèlé

Mo so Etí tó gbẹ̀yìn mọ́ ẹnu ọ̀nà lónìí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni gbogbo wọn, ní ilé-ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn èbúté ìlú Horsens. Etí ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Orúkọ tó wà lára páálí wọn gùn jù, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n gbọ́ lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé. Hóró kan, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ni a rán mọ́ ìṣẹ́po aṣọ. Kò ní bátìrì. Ó ń sùn. Bí ó bá kọjá lábẹ́ Etí, ìgbì rédíò á jí i, á sọ nọ́ńbà rẹ̀, á tún sùn. Ó tán. Omi gbígbóná kò lè pa á.

Preben, ọ̀gá wọn, fẹ́ kí aṣọ ibùsùn ilé-ìwòsàn yéé sọnù. Kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́.

Obìnrin kan nawọ́ sókè. Jytte, orí rẹ̀ funfun báláú, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. "Aṣọ iṣẹ́ tiwa náà ńkọ́? Ṣé wọ́n rán an mọ́ ọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n aṣọ nìkan ló mọ̀, kò mọ ènìyàn.

"Kò burú," ló wí. "Ogójì ọdún rèé tí mo ti wà nílé ọkọ, ọkọ mi náà ò tíì mọ̀ mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kọfí fi tutù.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Èrèlé

Ìwé àyẹ̀wò àṣírí — èyí tí òfin ní kí a kọ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo parí rẹ̀. Ojú ìwé kẹrìnlá: "Hóró náà ń tọ́ka sí aṣọ, kì í tọ́ka sí ẹni tó wọ̀ ọ́."

Àkójọ kan wà ní ọ́fíìsì Preben. Nọ́ńbà aṣọ iṣẹ́ lápá kan, orúkọ òṣìṣẹ́ lápá kejì, kí aṣọ kálukú lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀ tí a bá fọ̀ ọ́ tán. Mo mọ̀ pé ó wà. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe ara ẹ̀rọ mi.

Henning, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́, ka ojú ìwé kẹrìnlá lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Èrèlé

Etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbọ́. Kò sí àṣìṣe kankan.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Èrèlé

Preben pè mí sí ọ́fíìsì. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ìlà kan pọ́n láàárín àwọn tó kù: aṣọ 212, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà léra. Àkójọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 212 — Jytte.

"Mi ò wá a o," ni Preben wí. "Mo kàn ṣí i, ó pọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ fi pupa kun ìlà aṣọ tó bá pẹ́ jù níbì kan. Aṣọ ibùsùn tó há lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo ń rò. Kẹ̀kẹ́ aṣọ ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi so Etí kẹrin síbẹ̀. Mi ò ro ènìyàn rárá.

Jytte ti gba lẹ́tà ìkìlọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, nítorí ó bú awakọ̀ kan. Bó bá gba ìkejì, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ló kù kó fẹ̀yìntì.

Ojú Preben ò dáa. Ó ní tí òun bá rí i tí òun dákẹ́, kí lòun máa sọ fún àwọn yòókù? Lẹ́tà máa jáde lọ́jọ́rú tó ń bọ̀.

Ẹtì, 14 oṣù Èrèlé

Oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo ra búrẹ́dì. Jytte jókòó kọjú sí mi, ó ń gé wàràkàṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé búrẹ́dì àwọn ará Copenhagen ni mo rà, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án títí di ààbọ̀. Kò dìde.

Lẹ́yìn náà mo ṣí ẹ̀rọ. 212: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá sí mẹ́tàlélógún.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ajé, 17 oṣù Èrèlé

Mo débẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà wọlé sílẹ̀, òtútù ń wọ egungun. Jytte ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, ó ń kó aṣọ iṣẹ́ jáde, ó ń jù wọ́n sí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. "Gbà, ìwọ elétí pupa! Ó gbóná, má wo nọ́ńbà ẹ̀!" Èyí tó bá gbóná, tó bá sì gbà wọ́n, ni wọ́n ń wọ̀. Ó ti pé ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo kà wọ́n. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mẹ́sàn-án péré ló wọ aṣọ tí àkójọ ní ó jẹ́ tiwọn.

Jytte fi èyí tó gbóná jù pamọ́ sábẹ́ apá. Tirẹ̀ ni, 212. Ó fún Sidsel. Sidsel ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń to aṣọ nídìí ẹ̀rọ kejì. Kò wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ká a, ó gbé e lé ikùn, ó dijú.

Jytte rí mi. Ó fà mí lọ sẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́.

"O ti rí i. Ó dáa. Pa ẹnu ẹ dé."

Àrùn ìfun ni. Ooru ló ń fún Sidsel ní ìsinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún sáré lọ sí ilé-ìgbọ̀nsẹ̀. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wọ́n mọ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tí mi ò ní kọ síbí, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Níbí, Jytte nìkan ló mọ̀. Báyìí, èmi náà ti mọ̀.

Mo ní ṣé ó mọ̀ pé orúkọ òun ló máa wà lórí lẹ́tà ọjọ́rú. Ó mọ̀. Preben ti sọ fún un lójúkojú.

"Jẹ́ kó kọ ọ́. Lẹ́tà ò lè ṣe èmi ní nǹkan kan. Ó lè ṣe ọmọ yẹn."

Mo ní iṣẹ́ máa bọ́.

"Ìbọ̀sẹ̀ ni màá máa hun nígbà náà. Ìwọ náà ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, màá hun tìẹ."

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Èrèlé

Kò sí Etí tó ṣi nọ́ńbà gbọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí mo bá sọ ẹni tó wọ 212, Jytte bọ́ nínú ewu, Sidsel dá nìkan wà ní gbangba. Bí mo bá dákẹ́, Jytte ń lọ ilé.

Mo tún ka ojú ìwé kẹrìnlá. Kí Henning lè fọwọ́ sí i ni mo ṣe kọ gbólóhùn yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó jẹ́ òótọ́ tó báyìí.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Èrèlé

Ọ́fíìsì Preben. Henning wà níbẹ̀. Lẹ́tà wà lórí tábìlì, wọn ò tíì fọwọ́ sí i.

Mo ka gbólóhùn náà sókè. Mo ní mo dúró nídìí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀rí yìí kò lè mú ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò ní sọ ẹni tó wọ èwo. Lẹ́yìn náà mo sọ ti àkójọ: mo mọ̀ ọ́n, mo fi í sílẹ̀, ẹ̀bi mi ni, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé báyìí.

Henning ò pariwo. "Mo fọwọ́ sí i torí pé ìwọ lo kọ ọ́." Ó sàn kó nà mí.

Preben gbé lẹ́tà náà sínú ẹ̀rọ tí ń gé ìwé wẹ́wẹ́. Ó bèèrè: "Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú 212?"

Mo ní: "Òwú."

Henning ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Preben rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Bàtà ńkọ́? Wọn ò lè máa pààrọ̀ bàtà."

Kò fi ṣeré. Ó ṣe é ṣe. Ọ̀sán kan péré ló máa gbà. Mo tilẹ̀ mọ gọ́ọ̀mù tí a lè fi lẹ hóró mọ́ bàtà.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Èrèlé

Mo kọ̀wé sí Preben. Kò sí hóró nínú bàtà, bó bá jẹ́ èmi. Ká tú ti aṣọ iṣẹ́ jáde. Aṣọ ibùsùn nìkan ni kó kù. Etí kẹrin — mo fi ọwọ́ ara mi tú u kúrò lára ògiri. Àmì ìṣó ṣì wà níbẹ̀, ihò mẹ́rin.

Kò tíì fèsì.

Ẹtì, 21 oṣù Èrèlé

Ọjọ́ ìkẹyìn mi níbí. Ìwé tí mo kọ lánàá wà lábẹ́ ife kọfí mi: Preben fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n á máa tú hóró kúrò lára aṣọ iṣẹ́. Nípa bàtà, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Bóyá." Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo mú un lọ fún Henning. Ó gbà á. Kò wo ojú mi, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Òtútù tòní le ju ti ọjọ́ Ajé lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́. Sidsel kọjá, ó padà. Ó na aṣọ kan sí mi.

"Gbà á kíá, kó tó tutù."

Mo wọ̀ ọ́. Ó tóbi, ó bo ìka mi. Mo gba abẹ́ Etí kìíní kọjá, mo lọ wo ẹ̀rọ. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin: 212 ti wọlé. Àkójọ ní Jytte ni mí.

Mi ò tún un ṣe.