Irin Tí Mo Ní Kí Bàbá Mi Dín Kù

Admin, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi jáde. Mo ṣe àṣìṣe kan, mo wá parọ́ lé e lórí, mo tún parọ́ lé irọ́ yẹn lórí, ní báyìí táńkì omi ńlá kan wà lókè lórí àṣìṣe mi... Jímọ̀ ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ rọ omi kún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ kà á tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, mò ń ka civil engineering, 300 level. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n ilé tó kọ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin kò lóǹkà, mi ò sì gbọ́ ọ rí pé ọ̀kan wó. Èmi nìkan ló rán dé yunifásítì nínú àwa ọmọ rẹ̀, látọjọ́ tí mo sì ti wọlé ni kò ti pe orúkọ mi mọ́. Injíníà ló ń pè mí.

Nígbà holiday tó kọjá, mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa gbé iṣẹ́ fún un, pé kó da òpó mẹ́rin àti bíìmù, ìyẹn kọnkéré gbọọrọ tó máa dùbúlẹ̀ lórí òpó, tí wọ́n máa gbé táńkì omi lé, kí àwọn obìnrin lè máa ṣe àlùwàlá lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi wo ibẹ̀, ó ní irin sixteen millimetre lòun máa fi sínú bíìmù. Ni èmi bá gbé laptop jáde... Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ numerical methods ni o, èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Python la fi ń ṣe é, orí mi sì ti wú, ó ń ṣe mí bíi pé kò sóhun tí mi ò lè ṣírò láyé. Bó ṣe rí ni pé wàá gé bíìmù sí wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, á wá bá ẹ ṣírò bí ẹrù ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ní ojú ibi tí o ti gé e. Èmi gé e sí mẹ́rin. Mẹ́rin péré! Torí pé mẹ́rin ni wọ́n lò nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kọ́ wa. Kọ̀ǹpútà ní twelve millimetre ti tó. Mo sọ fún bàbá mi níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé àṣejù ni sixteen. Ó yíjú sí wọn, ó ní, "Bí kọ̀ǹpútà bá ti wí bẹ́ẹ̀, twelve ni ká lò." Gbogbo ọdún tó ti fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ó gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí èmi...

A padà sí school. Lọ́jọ́ kan, lecturer wa ní ìdáhùn tí a kò bá tíì dán wò, àhesọ lásán ni, pé ká gé e sí méjọ, ká gé e sí mẹ́rìndínlógún, ká máa gé e lọ títí ìdáhùn náà ò fi ní mì mọ́. Mo sáré lọ sí hostel, mo ṣí ìṣirò bíìmù mọ́ṣáláṣí yẹn. Mo gé e sí méjọ, iye náà lọ sókè. Mẹ́rìndínlógún, ó tún lọ sókè. Mo gé e títí tó fi dúró. Ibi tí ẹrù ti tẹ̀ ẹ́ jù, àárín ibi méjì tí mo gé ló wà, kọ̀ǹpútà mi ò tiẹ̀ yẹ ibẹ̀ wò rárá! Mo ṣírò irin tó lè gbé e. Sixteen. Sixteen tí bàbá mi fi ojú lásán rí! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe, mò ń gbàdúrà kó jẹ́ irọ́.

Jímọ̀ tó kọjá ló yẹ kí wọ́n rọ omi sí i. Mo pe bàbá mi, mo ní táńkì tuntun máa ń ní òórùn ike, kí wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó gbà mí gbọ́, ó lọ bá Lèmọ́mù sọ ọ́. Mo wálé lọ́jọ́ Ajé, mo lọ wò ó. Àwọn ìyá àgbà mẹ́ta jókòó sábẹ́ rẹ̀ síbi òjìji, wọ́n rí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi... mi ò lè ṣe àmín. Lánàá, níbi tí a ti ń jẹun, bàbá mi wò mí lójú. Ó ní, "Injíníà, ṣé ọkàn ẹ balẹ̀ sí bíìmù yẹn?" Mo ní, "Ó balẹ̀, sà." Kí ló ṣe mí? Kí ló ṣe mí gan-an?

Ẹ má sọ fún mi pé omi ò gbọ́dọ̀ wọ táńkì yẹn, mo mọ̀, kò ní wọ̀ ọ́, bó bá gbà á màá lọ jókòó ti pọ́ǹpù wọn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ẹni tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún. Tí mo bá sọ fún bàbá mi nìkan, mo mọ̀ ọ́n, á lọ sọ fún Lèmọ́mù pé òun ló ṣe àṣìṣe náà, á fi ara rẹ̀ bò mí. Ta ló máa tún pè é síṣẹ́ nílùú yìí? Tí mo bá sì lọ bá Lèmọ́mù fúnra mi, mo ti dójú ti bàbá mi níta kó tó gbọ́ nílé. Èwo ni kí n ṣe?

Wọ́n fẹ́ fún bàbá mi ní máíkì lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì fẹ́ dárúkọ ohun tí ọmọ òun fi ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Ó wà níwájú ilé bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń fi ẹnu rẹ̀ kọ́ ọ... nú-mẹ́-ríkà... á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá bá òun pè é dáadáa. Ẹ dákun, ẹ tètè fèsì. Bí mo bá dé iwájú rẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?