Orin Tí N Kò Jẹ́ Kí O Parí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, àti pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Àwa náà wà dáadáa. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gba aṣọ òtútù tí o fi ránṣẹ́. Inú ilé ló ti ń wọ̀ ọ́ kiri bí ẹni tó ń lọ òde.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú tí o bá pè, ọ̀rọ̀ dùùrù ni àwa méjèèjì máa ń yẹ̀ sílẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìwé àti bírò.

O mọ̀ pé mo kọ́ṣẹ́ dùùrù, ṣùgbọ́n n kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ tán rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìka kì í gbàgbé: bí o bá ṣi ibì kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ rẹ ti fi àṣìṣe ṣe òótọ́. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣì í tẹ̀, ọ̀gá mi á fi pẹ́ńsù kan igi dùùrù lẹ́ẹ̀kan péré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ tiwa ni láti mú kí wọ́n dọ́gba. Ọ̀nà yìí ló sọ mí di èèyàn, òun náà ni mo sì fi kọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n mú wá sí pálọ̀ wa.

Ohun kan wà tí mo rí, tí mo fojú fò. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló máa ń bẹ̀rẹ̀ orin bí ọ̀gá, tí wọ́n á sì parí rẹ̀ bí ẹni tó ń táràrà nínú ilé onílé. Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń padà sí ojú-ìwé kìíní nígbà ogún lójúmọ́, ojú-ìwé ìkẹyìn á jẹ́ àlejò fún un. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́, ìdánwò dùùrù rẹ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, orin náà sì jẹ́ ojú-ìwé mẹ́rin. Ìgbà mọ́kànlá ni o dé ojú-ìwé kẹta, ìgbà mọ́kànlá ni mo kan pẹ́ńsù. Nígbà tó di ìkejìlá, o kò sunkún. O rọra pa dùùrù dé bí ẹni tó ń daṣọ bo ọmọ tó sùn, o ní, "Bàbá mi, ẹ ò fẹ́ gbọ́ orin. Àṣìṣe lẹ fẹ́ gbọ́." Mo sọ fún màmá rẹ pé oríkunkun ni, pé o máa padà wá bí inú rẹ bá rọ̀. O kò jókòó síbẹ̀ níṣojú mi mọ́.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo gba akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dàgbà jù mí lọ, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn tó ti fẹ̀yìn tì. Ìka rẹ̀ nípọn débi pé ẹyọ kan á tẹ ohùn méjì pọ̀. Orin kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀, èyí tí ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé máa ń kọ bó bá ń lọ aṣọ. Mo kan pẹ́ńsù. Kò dúró. Mo tún kàn án. Ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, ó ń lọ, títí ó fi dé òpin. Ó wá yíjú sí mi:

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ogójì ọdún ni mo fi wakọ̀, n ò rí dírẹ́bà kan rí tó kó sí kòtò tó wá kó èrò padà sí gáréèjì. Ẹ jẹ́ ká dé ibi tí à ń lọ ná, ká tó yẹ táyà wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe di ohùn ìkẹyìn mú, títí ohùn náà fi kú tán lábẹ́ ìka rẹ̀. N kò rí irú ìtura bẹ́ẹ̀ lójú tìrẹ rí, nítorí n kò jẹ́ kí o dé ibẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún màmá rẹ. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé bí mo bá ti jáde báyìí láyé ìgbà yẹn, ńṣe lo máa ń tẹ orin náà parí. "Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ òpin orin yẹn, olówó orí mi. Ẹ̀yin nìkan ló kù." Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé bó bá dé, àga ló máa ń béèrè, kó lè jókòó ti èèyàn.

Ohun tó mú kí n tètè kọ̀wé rèé, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Dókítà etí ti yẹ̀ mí wò. N kò ní di adití lọ́la, ṣùgbọ́n àwọn ohùn tínrín tó wà ní ìpẹ̀kun dùùrù lápá ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń lọ. Bí mo bá tẹ èyí tó ga jù, ìró igi nìkan ni mò ń gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìlà ìkẹyìn orin rẹ ń gùn lọ. Dókítà ní èyí tí mo ṣì ń gbọ́ níbẹ̀ lè má lò tó ọdún kan mọ́.

Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá ráàyè, wá tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ṣì í tẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún. N ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, n ó sì káwọ́ mi sórí itan. Bí o kò bá sì fẹ́, n kò ní bínú. Ìwọ lo ni orin. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ìwọ lo tọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo ṣì í tẹ̀.

Ohun tí o bá dáwọ́ lé, wàá parí rẹ̀. Ẹni tí kò ní jẹ́ kí o dé òpin kò ní bá ọ pàdé mọ́, ì báà ṣe bàbá tó bí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń fetí sílẹ̀.

Àfikún: Mo ti fi rọ́bà pa gbogbo àmì àṣìṣe tí mo fi pẹ́ńsù kọ sínú ìwé orin rẹ. Ojú-ìwé kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ojú-ìwé kẹrin kò ní àmì kankan. Èmi àti ìwọ kò jọ dé ibẹ̀ rí.