Ajá Tí Ẹ Mú Lọ Ti Padà Wálé

Délọ́lá Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà létí òkun, ìwọ, ọkọ rẹ àti Ayọ̀dèjì ọmọ-ọmọ mi? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kọ, omi ò sì ní gbé yín lọ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Mitchellville yín nílùú òyìnbó yìí ni ò yé mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò rí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn kọjá, mọ́tò nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Ní Fìdítì, ewúrẹ́ gan-an á ti yà kí mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé ajá yín ti dé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn mọ́tò lẹ gbé e sí, tí ẹ fi bẹ́líìtì dè é bí èèyàn, inú sì bí mi pé ajá ń lọ gbafẹ́, ìyá ń ṣọ́lé. Lánàá ni mo gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, òun ni, omi ń ro lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, àjákù bẹ́líìtì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo pè é ní Ẹ̀yìnlàárò, orúkọ tí èmi nìkan fi ń pè é, ó ju ìrù, ó gbórí lé mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, èyí gbọ́ tèmi.

Bí mo ṣe ń nu ara rẹ̀ ni ohùn rẹ jáde láti inú aago ẹnu ọ̀nà, èyí tí àlejò ń tẹ̀, tó ní kámẹ́rà. O ní ò ń rí mi, pé kí n má gba ajá tí mi ò mọ̀ sílé, pé Felix, ajá yín, wà lọ́dọ̀ yín, ó ń sùn lẹ́sẹ̀ Ayọ̀dèjì. Mi ò dáhùn, torí n kì í dáhùn ìpè ẹni tí mi ò rí. Mo yẹ aago náà wò, ìka mi gan-an ò lè wọ̀ ọ́, ká má tíì sọ ìwọ lódindi. Ajá tó máa ń fò mọ́ ọ, bó ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó ká ìrù sábẹ́, ó sá wọ abẹ́ àga, ó ń sunkún.

Ọmọ́kẹ́mi ará ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi, fi fọ́tò yín hàn mí nínú fóònù, ẹ̀yin mẹ́ta àti ajá, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní tọ̀dọ̀ mi kàn jọ ọ́ ni, pé ajá pọ̀ ní Mẹ́rílàńdì. Ṣùgbọ́n etí òsì tí ajá aládùúgbò gé jẹ, mo rí i nínú fọ́tò, mo sì fọwọ́ kàn án níbí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ nípa àkúdàáyà. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ á lọ máa gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á máa jẹ, á máa mu, á máa rẹ́rìn-ín, ilé tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni kò ní lè padà sí. Ajá yìí padà wálé, a jẹ́ pé òun ló wà láàyè. Èwo wá ni tọ̀dọ̀ yín? Mo rò ó títí, mo wá rántí pé ibi tí ẹ wà yẹn, ẹnikẹ́ni ò mọ ẹ̀yin náà níbẹ̀.

Owó ti tán lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ ra gàrí àti pánla. Má fi owó ránṣẹ́ sínú fóònù Ọmọ́kẹ́mi o. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wa mọ́tò yín padà wálé, kí o fi ọwọ́ ara rẹ kó owó náà lé mi lọ́wọ́, kí n di ọwọ́ náà mú, kí n mọ̀ bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí kò bá sówó níbẹ̀ pàápàá, ṣáà gbé ọwọ́ náà wá.

Ọlọ́run tó dá ajá padà á dá ọmọ padà fún mi, láàyè, láàyè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màmá Délọ́lá