Omi Ṣáláńgá Òkè Wa àti Imú Tí Mo Jogún

Bàbá mi àtàtà, tí gbogbo òkè yìí máa ń gbé omi wá bá kí ẹ bá wọn gbóòórùn rẹ̀,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí á pa yín lẹ́rìn-ín, àbí kó bí yín nínú. Ẹ rántí omi ilé ìwẹ̀ àti ti ṣáláńgá tó máa ń gba orí àpáta ṣàn lọ sínú odò ìsàlẹ̀, tí ẹ máa ń torí rẹ̀ bá gbogbo àdúgbò jà? Wọ́n ti kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ mọ́. Èmi ni mo ń tọ́jú ibẹ̀. Omi náà á kọ́kọ́ wọ táǹkì kan tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á ti jẹ ẹ̀gbin inú rẹ̀, á gba inú yanrìn àti èédú kọjá, á sì tún kọjá lábẹ́ iná tó ń pa kòkòrò àrùn. Tó bá jáde, ẹ lè wo ojú yín nínú rẹ̀.

Àṣírí kan wà tí n kò sọ fún yín rí. N kì í gbóòórùn. Láti kékeré ni. Tí ẹ bá gbé igbá omi sí mi nímú, tí ẹ sì ń yangàn fún àlejò pé mo ti jogún imú yín, ojú yín ni mo máa ń wò. Tí ẹ bá fajú ro, èmi náà á yínmú. Ìyá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ oògùn. Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ yìí? Àwọn méjì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí òórùn fi lé wọn padà sí Ìpàpó. Èmi ń jẹ ẹ̀bà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì.

Wàhálà dé nígbà tí kànga gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn èèyàn ní àwọn kò ní fi omi ṣáláńgá ṣe àlùwàlá láéláé. Lèmọ́mù, ọ̀rẹ́ yín, ní tí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ bá ti padà sí ti omi, ó ti mọ́ nìyẹn. Ó kó gbogbo wa jọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n wò ó, àwọ̀ rẹ̀ dára. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní omi ni. Ó wá ku òórùn, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. Olúkúlùkù ló ní imú o, ṣùgbọ́n imú ilé wa nìkan ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹ̀yin lẹ fà á! Tí n bá ní ó ń rùn, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, ẹ̀gbin á sì padà sínú odò. Tí n bá ní kò rùn, tó sì ń rùn, mo ti ba ìrun gbogbo ìlú jẹ́.

Mo gbé ife sí imú. Kò sí nǹkan kan, bó ṣe máa ń rí. Mo wá ojú yín láti wò, Bàbá, n kò rí i. Àárò yín sọ mí. Mo bá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn.

Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, ó ní kò rùn rárá. Wọ́n ní ta ló bi í.

"Èmi náà lẹ ti ń bi láti ọjọ́ yìí. Bàbá wọn ò gbóòórùn rí, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Tí omi bá ti ń rùn, mo máa ń wúkọ́ fún wọn ni."

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ fi omi yẹn ṣe àlùwàlá.

Bàbá, gbogbo oògùn ikọ́ tí mo ń rà láti Ṣakí ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ̀ ń wò mí! Èmi ń wo ojú yín, ẹ̀yin ń tẹ́tí sí Ìyá. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? À bá ti jọ rẹ́rìn-ín rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ó ń dùn mí.

Ní báyìí, àràárọ̀ ni mo máa ń gbé ife omi kan lọ bá Ìyá kí n tó ṣí ẹ̀rọ. Láàárọ̀ àná, ó wúkọ́. Mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà láti lọ ti ibẹ̀ pa kó tó pè mí padà. Ó ní ikọ́ gidi ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jogún imú yín lóòótọ́.